Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ọjà àti Òǹtajà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Láti Òṣogbo

Ẹni tó bá lọ rajà ní Ìgbọ̀nà máa ń yẹ ọjà wò, á yí i síwá sẹ́yìn, á ní kí wọ́n tan án kí òun gbọ́ ìró rẹ̀, kó tó ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹni yẹn kan náà á rí ẹ̀rọ kan lórí Facebook lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, owó rẹ̀ ti dé Èkó. Ìwádìí tó ṣe kò ju pé ó bi òǹtajà pé “ṣé ojúlówó ni?”, òǹtajà sì dáhùn pé ojúlówó ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Fọ́tò, fídíò, ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìyìn lẹ́nu àwọn oníbàárà: bí òǹtajà bá ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì ni gbogbo wọn. Ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé ni èyí tí ẹ lọ wá fúnra yín níbi tí ọwọ́ òǹtajà kò dé. Orí èyí ni gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá tí àwọn télọ̀ ń pè ní indọ́sítíríà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí owó ńlá ni, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ télọ̀ Òṣogbo ti ń rà á wá. Ẹ lè fi fíríísà, bátìrì sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù, àti dátà tó lè gbé ìpè fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì já.
- Ìwé àjákọ àti bírò. Ohun tí ẹ bá kọ ní ìpele kẹrin ni ẹ ó fi ṣe ìkarùn-ún.
- Áàpù báńkì yín.
- Nọ́ńbà mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo tó ń tún irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe.
- Ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan ní ìlú tí òǹtajà wà.

Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún un. Bí òǹtajà bá ní ẹ̀dínwó òun yóò parí lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó parí.

Ìpele 1: Ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rà, títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn

“Mo fẹ́ ẹ̀rọ Juki” kò tíì tó. Ilé iṣẹ́ Juki ti ilẹ̀ Japan ń ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ. DDL-8700 wà fún aṣọ tí kò nípọn jù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì lè gún aṣọ tó ìgbà 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́tà kan péré ni DDL-8700H fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n aṣọ tó nípọn ni wọ́n ṣe òun fún. Ẹni tó ń rán aṣọ òkè àti ẹni tó ń rán àdìrẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò nílò ẹ̀rọ kan náà. Ẹ ní kí òǹtajà ya fọ́tò irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ sí, kó hàn ketekete, kí ẹ sì da ohun tó wà níbẹ̀ kọ.

Ẹ béèrè mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò kílọ́ọ̀ṣì máa ń yí láti ìgbà tí ẹ bá ti tan án títí tí ẹ ó fi pa á. Ẹ ń ránṣọ o, ẹ ń wọn aṣọ o, iná ló ń jẹ. Mọ́tò sáfò kì í yí àfi bí ẹsẹ̀ yín bá tẹ pẹ́dà, kì í sì í pariwo. Ẹni tó ń ra káàdì iná IBEDC, tó tún ń ra bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀, mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn máa jẹ́ lóṣù.

Lẹ́yìn náà, iná tí ẹ̀rọ ń lò. Iná tiwa jẹ́ fólítì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Bí ẹ bá ki tòkunbọ̀ tó ti ibẹ̀ wá bọ iná tiwa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, yóò jó. Àwọn mọ́tò ilé iṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé oníwáyà mẹ́ta (three-phase) ni iná wọn, tí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹyọ wáyà iná kan kò lè gbé.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* iye tó wà nínú ìpolówó sábà máa ń jẹ́ ti orí ẹ̀rọ nìkan. Ẹ̀yìn tí owó bá ti wọlé ni wọ́n á sọ pé tábìlì àti mọ́tò ní owó tiwọn. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn wà ní kíkọ lórí WhatsApp.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan: orúkọ, nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀, irú mọ́tò, fólítì, tuntun tàbí tòkunbọ̀, pẹ̀lú tábìlì tàbí láìsí. Ẹ fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí òǹtajà mìíràn. Bí ó bá lè dá iye lé e láì tún béèrè nǹkan kan, ìpele yìí ti parí.

Ìpele 2: Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ti lò ó

Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí Google àti YouTube, kí ẹ fi “problem” kún un. “Review” nìkan á kó ìpolówó ọjà wá fún yín. Lórí Jumia àti Konga, ẹ fi àwọn oníràwọ̀ márùn-ún àti oníràwọ̀ kan sílẹ̀ ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fún ọjà ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Àwọn yẹn ló máa ń sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí. Bí ìyìn ogún bá wọlé láàárín ọjọ́ méjì, tí gbogbo wọn jẹ́ “good product, fast delivery”, tí kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó fi ọjà náà ṣe, ẹ má kà wọ́n sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe mẹkáníìkì yín. Èmi ka ìpè yìí sí ju ọgọ́rùn-ún ìràwọ̀ lọ. Ẹ bi í bóyá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà wà ní Òṣogbo, àbí Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n ti ń lọ rà á. DDL-8700 ń lo abẹ́rẹ́ DBx1, ìyẹn kò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí nǹkan kékeré bá kán lára wọn, wọ́n á di àga ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Fún ohun jíjẹ, oògùn àti ìpara, nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, ẹ má rà á. Bí ó bá wà, ẹ má tíì gbà á gbọ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn sára páálí. Fún oògùn, ẹ lọ sí greenbook.nafdac.gov.ng kí ẹ wò bóyá orúkọ oògùn àti ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti ara páálí mu. Bí oògùn bá ní ibi híhọ, ẹ họ ọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n kọ sára páálí. Èsì á wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́. Fún fóònù tòkunbọ̀, ẹ tẹ *#06#, kí nọ́ńbà tó bá jáde bá ti inú Settings fóònù àti ti ara páálí mu. Fún iPhone, ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ (serial number) wò ó ní checkcoverage.apple.com.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dárúkọ àléébù méjì tí ọjà náà ní. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀kan, ìpolówó lẹ ti ń kà.

Ìpele 3: Iye

Ẹ gba iye mẹ́ta: ọ̀kan láti orí ìkànnì ńlá, ọ̀kan lọ́wọ́ òǹtajà mìíràn ní Èkó, ọ̀kan láti Òṣogbo níbí. Ẹ fi owó wéébíìlì àti ti tábìlì kún ti Èkó kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Nígbà mìíràn, ohun tó kù bí ìyàtọ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á ní Òkè-Fìà, ẹ lè gbé e padà lọ bá a lọ́la. Bí iye ẹnì kan bá kéré sí ti gbogbo àwọn tó kù lọ́nà tí kò bọ́ sí i, ẹ béèrè ìdí. Bí ìdí náà bá jẹ́ “ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sókè òkun ló fẹ́ tà á kíákíá”, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ wá ìtàn òǹtajà

Ìpele yìí ló gùn jù, òun náà ló sì ń gba owó èèyàn là jù.

Lórí Facebook, ẹ ṣí ojú ìwé òǹtajà, ẹ lọ sí About, ẹ tẹ Page transparency. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti àwọn orúkọ tó ti jẹ́ rí. Lórí Instagram, About this account ló ń sọ oṣù àti ọdún tó wọlé. Ojú ìwé tó jẹ́ ti aláwàdà títí di oṣù tó kọjá, tó wá di ti olùta ẹ̀rọ lójijì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn, rírà ni wọ́n rà á tàbí kí wọ́n jí i. Ẹ má jẹ́ kí iye ọmọlẹ́yìn dẹ́rù bà yín.

Ẹ fi Google Lens wo fọ́tò ọjà rẹ̀. Ẹ gé àmì rẹ̀ kúrò lára fọ́tò ná kí ó lè ríran dáadáa. Bí fọ́tò náà bá wà lọ́wọ́ òǹtajà márùn-ún mìíràn tàbí lórí Alibaba, kò túmọ̀ sí pé olè ni, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń lo fọ́tò ilé iṣẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ kò tíì rí ọjà tirẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sáàárín àmì àyọlò lórí Google, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú 0 níwájú, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú 234. Ẹ tún ṣe é nínú ibi ìwákiri Facebook, kí ẹ sì wò ó lórí Truecaller, níbi tí ẹ ó ti rí orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fi pa á mọ́. Nọ́ńbà kan tó ń ta ẹ̀rọ lónìí, tó ń yá ilé ní Abuja lánàá, tó sì ń wá ènìyàn sí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ yé bá a sọ̀rọ̀.

Bí ó bá ní sáìtì tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àmì àgádágodo kékeré tó wà lókè tàn yín. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwà ẹni tó ń gbà á. Ẹ kọ orúkọ sáìtì náà sí lookup.icann.org kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n rà á. Bí wọ́n bá kọ “a ti wà láti 2009” síwájú, tí ọjọ́ tí ẹ rí sì jẹ́ oṣù tó kọjá, ẹ ti gba ìdáhùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnì kan tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi hàn yín. Ẹ wo abẹ́ àwọn fọ́tò tó ti pẹ́, ẹ wo fọ́tò tí àwọn ẹlòmíràn fi dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹni náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ dákun, mo rí i pé ẹ ra ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wọn. Èmi náà fẹ́ rà. Ṣé èyí tí wọ́n fi hàn yín náà ni wọ́n gbé wá? Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?” Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn, pàápàá àwọn tí inú ń bí.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* síkírínṣọ́ọ̀tì “ọjà ti dé o, Ọlọ́run á bù kún yín” tó kún ìtàn WhatsApp rẹ̀. Ẹni tó ní fóònù méjì lè kọ ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan. Bákan náà, òǹtajà tó ti ibi èsì pa kí ẹnikẹ́ni má lè sọ̀rọ̀ sábẹ́ ọjà rẹ̀ ní ohun tí kò fẹ́ kí ẹ gbọ́.

*Àyẹ̀wò:* ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín: ọjọ́ tí ojú ìwé bẹ̀rẹ̀, ohun tí nọ́ńbà fóònù fi hàn, àti ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ti rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìkẹta kò bá sí, ó lè jẹ́ olóòótọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó kí ọjà tó dé.

Ìpele 5: Orúkọ CAC àti orúkọ àkáǹtì

Ẹ lọ sí ibi ìwákiri (public search) lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, níbi tí aráàlú ti lè wá orúkọ ilé iṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ síbẹ̀. RC ni ti kọ́ńpìnnì, BN ni ti orúkọ òwò lásán. Ẹ ṣàkọsílẹ̀ orúkọ náà bí ó ṣe wà gan-an àti ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí “inactive”, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn kò fi àkọsílẹ̀ ọdọọdún ránṣẹ́ sí àjọ náà. Ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di ọ̀daràn.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà*, tí ó sì ń dùn mí: àwọn èèyàn ń rí orúkọ náà níbẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sanwó. Gbájúẹ̀ kì í ṣèṣẹ̀ dá orúkọ sílẹ̀. Ó ń yá ti ilé iṣẹ́ tó wà lóòótọ́, á sì fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí wọn ránṣẹ́ sí yín. Nítorí náà, ìbéèrè kejì ló ṣe pàtàkì jù: ṣé orúkọ yẹn náà ló ni àkáǹtì?

Ẹ ṣí áàpù báńkì, ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì tó fún yín, ẹ mú báńkì. Orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde kí ẹ tó tẹ ohunkóhun mìíràn. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí CAC bá sọ orúkọ òwò kan, tí àkáǹtì sì sọ orúkọ ọmọkùnrin kan, ẹ béèrè àkáǹtì òwò náà. “Akọ̀wé owó wa ni” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé nọ́ńbà àkáǹtì OPay tàbí PalmPay ẹni kan sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láìsí 0 iwájú. Kò burú fún ẹni tó ń ta ewébẹ̀ ní Ọjà Ọba, ẹ mọ ọ́n, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà RC, ó yẹ kí ẹ fura.

*Àyẹ̀wò:* orúkọ orí ojú ìwé, orúkọ ní CAC àti orúkọ àkáǹtì jọ ń bára wọn mu. Bí ọ̀kan bá yà, ẹ pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí ẹ wá fúnra yín lórí Google Maps, kì í ṣe èyí tí òǹtajà fún yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló ń tà á.

Ìpele 6: Ẹ rí ọjà náà lójú ayé

Ẹ pè é ní ìpè fídíò. Ẹ ní kó yí ẹ̀rọ padà kí ẹ rí irin nọ́ńbà, ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé yín. Ẹ ní kó fi òwú sí i, kó rán ègé aṣọ kan níwájú yín, kó sì yí aṣọ náà kí ẹ rí ẹ̀yìn ìrán. Lẹ́yìn náà kó jáde síta, kó fi pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn. Fídíò tó ti gbà sílẹ̀ kò lè gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bí “nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára” láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé ìwé yín kalẹ̀.

Èyí tó dára jù ni kí àbúrò yín tó wà l'Ékòó lọ bá a. Ẹ fi ìlà ìpele kìíní ránṣẹ́ sí i kó má bàa jẹ́ pé ó kàn máa sọ pé “ó dáa, mo ti rí i”.

Ìpele 7: Owó

Bí àbúrò yín bá dúró ti ẹ̀rọ, tó sì ti dán an wò, ẹ fowó ránṣẹ́ nígbà náà, kó sì tẹ̀ lé ẹ̀rọ dé gárèjì. Bí kò bá sí ẹni tó lè lọ, ẹ sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Bí ìkànnì ńlá ni, ẹ sanwó nínú ìkànnì náà. Òǹtajà tó bá ní kí ẹ kúrò níbẹ̀ wá sórí WhatsApp kí owó lè dín kù ń mú yín jáde kúrò lábẹ́ ààbò tí ẹ ní. Jiji fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí a má san owó ṣáájú, títí kan owó ìgbérù.

Bí wọ́n bá ti gbé ọjà sọ́kọ̀, ẹ gba fọ́tò ìwé wéébíìlì àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ sì pe gárèjì náà. Bí ìpè bá wá pé wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, kí ẹ fi owó kún un kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, ẹ má san án.

Ìpele 8: Nígbà tí ó bá dé

Ẹ tú u níbẹ̀ ní gárèjì, kí ẹnì kan máa gbà á sí fídíò láti ìgbà tí ṣẹ́lótéèpù ṣì wà lára rẹ̀, láì dá fídíò dúró. Ẹ fi irin nọ́ńbà wé ti inú ìwé. Bí mọ́tò tàbí tábìlì bá kù, ẹ sọ fún awakọ̀ kó tó lọ, ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé wéébíìlì.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí owó bá ti lọ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, báńkì yín ni ẹ ó kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Báńkì yín lè ké sí báńkì tí owó wọ̀ kí wọ́n dá a dúró bí wọn kò bá tíì kó o jáde. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kì í sábà kù. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì fi ẹ̀sùn sílẹ̀ ní nccc.npf.gov.ng, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí òǹtajà bá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ọjà bàjẹ́ tàbí tí tòkunbọ̀ jáde nínú ohun tí wọ́n pè ní tuntun, òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, wà lẹ́yìn yín. Ó pọn dandan fún un láti sọ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù, pátákó “a kì í dá owó padà” tó gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kò sì borí òfin. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, ẹ dá ọjọ́ fún un. Bí kò bá dáhùn, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àjọ FCCPC ní fccpc.gov.ng. Ẹ so ẹ̀rí owó tí ẹ san, ọ̀rọ̀ WhatsApp tó fi dáhùn nípa tábìlì àti mọ́tò, fídíò gárèjì, àti fọ́tò irin nọ́ńbà mọ́ ọn.